Orúkọ Tí A Kì Í Pè Nílé Wa

Ifangni,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, 1964.

Philomène, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí àwọn òbí rẹ ní Banigbé. Ṣé ara gbogbo yín le? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ní 1931, Àbẹ̀ní, ọmọ kan ṣoṣo tí èmi àti Véronique ìyàwó mi bí, kú. Mo kìlọ̀ fún ará ilé àti aládùúgbò pé n kò gbọdọ̀ gbọ́ orúkọ náà mọ́. Mo rò pé ìyá rẹ̀ yóò tètè gbàgbé. Láti ìgbà náà ni ẹni tí gbogbo Ifangni ń pè ní Ìyá Àbẹ̀ní ti di Madame. Ẹ̀bi mi ni.

Nígbà tí o dé dispensaire, ilé ìwòsàn wa, wọ́n ní o ti kọ́ iṣẹ́ infirmière, iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, ní Porto-Novo, pé o tún lọ sí Dakar láti kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, àti pé o ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, pé stagiaire ni ọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Stagiaire etí! Wọ́n rán an lọ sí Dakar kó lọ kọ́ ìjókòó."

Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ tí Véronique bá ti ọ̀dọ̀ rẹ dé, á máa kọrin nídìí iná. Láti ọdún tí ọmọ náà ti kú, bí mo bá bi í pé, "Kí ló ṣe ọ́?" á ní, "Kò sí nǹkan." Kí ló rí lára ọmọ àná tí kò rí lára mi? Owú mú kí n tẹ̀lé e, mo sì fara pamọ́ sẹ́yìn fèrèsé yín.

Ó ń sunkún. Mo ń retí kí o sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má sunkún mọ́," bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. O ò sọ ọ́. O jókòó tì í títí ó fi sun ún tán. Ìgbà náà lo béèrè pé, "Màmá, kí lorúkọ ẹ̀?"

"A kì í pè é nílé wa."

"Ibí kì í ṣe ilé yín, Màmá."

Ó sì pè é. Ìwọ ló pè é fún, kì í ṣe èmi. Mo sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà pé kò gbọdọ̀ wá mọ́.

Nígbà tí o wá wò ó nílé, mo pariwo mọ́ ọ: "Ìwọ tí o ò tíì bímọ, kí lo mọ̀ nípa ikú ọmọ?" O kúnlẹ̀, o ní, "N ò mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń béèrè. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rántí nípa ẹ̀?" Mo lé ọ jáde.

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Láàárọ̀ yìí, Véronique ń bẹ ẹ̀gẹ́, mo sọ fún un pé mo rántí bí ọmọ náà ṣe máa ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà mi méjèèjì, tí á máa wọ́ wọn káàkiri àgbàlá, tí á ní òun ni Maître, bí àwọn ọmọ iléèwé mi ṣe ń pè mí. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀kan ṣoṣo ni. Kò lágbára méjì."

Mo ní, "Ìyá Àbẹ̀ní, òótọ́ ni."

Ó jẹ́ mi ní, "Oò."

Yóò wá bá ọ lọ́jọ́bọ̀. N kò ní purọ́ fún ọ, owú náà kò tíì tán. Ṣùgbọ́n n kò ní dúró sẹ́yìn fèrèsé.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o parí ẹ̀kọ́ rẹ ní àlàáfíà. Kí àwọn ọmọ tí ìwọ náà yóò bí gbẹ̀yìn rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ tí ó lé ọ jáde,
Honoré.

Àfikún: Bá mi sọ fún wọn ní dispensaire kí wọ́n yé pè é ní Madame. Ìyá Àbẹ̀ní ló ń jẹ́.