Ìràwọ̀ Kan fún Afárá Kejìlá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta

Ológbò pè mí láàárọ̀ yìí, mi ò tíì bọ́jú tán. Àbúrò mi kan ṣoṣo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa jábọ́ dípò òṣèré: òṣèré á dúró létí òrùlé, wọ́n á ní ó tó, Ológbò á wọ aṣọ rẹ̀, á fò. Láti kékeré la ti ń pè é bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀yìn ológbò kì í balẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó já láti orí òrùlé Màámi. Ìgbọ̀nwọ́ òsì ló fi balẹ̀, ó kán, ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní fíìmù Afárá Kejìlá ti jáde, pé lọ́la ni wọ́n máa fi han àwa tí à ń kọ àríwísí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má lọ tọ̀ o, tó bá ti ku ogún ìṣẹ́jú. Ibẹ̀ ni mo wà." Mo bi í bóyá wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síparí. Ó ní wọ́n kọ ọ́, lẹ́yìn orúkọ ẹni tó ń se oúnjẹ.

Ó yẹ kí n sọ níbi iṣẹ́ pé àbúrò mi wà nínú ẹ̀. Òfin wa ni: ẹni tó bá ní ẹbí nínú fíìmù kì í kọ̀wé lórí rẹ̀. Mi ò sọ. Mo fẹ́ kọ ọ́ fúnra mi — kí n má purọ́ fún ìwé tèmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo wò ó. Ká sọ òótọ́, ìtàn ẹ̀ ò lórí, kò nírù. Sójà kan fẹ́ gba ìlú là, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìkéde lórí rédíò. Nígbà tó kí àsíá níparí, mo pòṣé. Obìnrin tó jókòó tì mí náà pòṣé. Àmọ́ ìjà inú ẹ̀ dùn. Àwọn èèyàn á wò ó, wọ́n á pariwo, wọ́n á relé wọn.

Ó wá ku ogún ìṣẹ́jú. Afárá. Ọ̀nà ọlọ́dà ló wà nísàlẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀. Kámẹ́rà ò yẹ̀ lára Ológbò rárá. Ó fò, ó yí lẹ́ẹ̀kan nínú afẹ́fẹ́, ó ká ìgbọ̀nwọ́ òsì mọ́ra — mo mọ ìgbọ̀nwọ́ yẹn níbikíbi — ó bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ náà. Mo ti di apá àga mú. Omi bọ́ lójú mi láàárín àwọn akọ̀ròyìn, mo ní eruku ni.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Mo kọ gbólóhùn mẹ́rin lórí fífò yẹn, mi ò sì bù mọ́ ọn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn wa, ọ̀rọ̀ ni ti ẹni tó kọ ọ́, ìràwọ̀ ni ti ilé. Bí Bírò Pupa ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, olóòtú wa, tí mi ò tíì rí kó fi bírò búlúù kọ ohunkóhun. Ó fa ìlà lé méjì nínú ìràwọ̀ mi, ó ku ẹyọ kan.

Mo ní ọ̀gá, ṣé ẹ ti wò ó? Ó ní kí lòún fẹ́ wò níbẹ̀. Ta ló jókòó níwájú lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn? Mínísítà. Ta ló yá wọn ní sójà àti ọkọ̀? Ìjọba. Ìdìbò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èmi ń pín ìràwọ̀ fún wọn.

Kì í kúkú ṣe irọ́. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Tó bá jẹ́ irọ́ ni, ǹ bá rí nǹkan fèsì.

Kí n tún jẹ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá, fíìmù kan jáde tí mínísítà jẹ́ olè inú ẹ̀. Ìjà inú ẹ̀ dà bí ìgbà tí tọkọtaya ń fa aṣọ ìnura mọ́ra wọn lọ́wọ́. Mo fún un ní mẹ́rin. Bírò Pupa ò fọwọ́ kàn án. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo pè é ní ọgbọ́n. Ta ni mo wá fẹ́ bá wí báyìí?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Àríwísí mi jáde. Gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò sí níbẹ̀. Èyí ló wà níbẹ̀, lábẹ́ orúkọ mi: "Fífò láti orí afárá tí wọ́n fi ń yangàn yẹn pàápàá, kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Ẹnikẹ́ni ò fò."

Mo bá Bírò Pupa lórí àtẹ̀gùn. Ó ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ẹ̀ láyé ìsinsìnyí, ọmọ òun ló sọ fún òun. Ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ bó ṣe ń wí i.

Àwọn Ará Ọ̀hún — ìwé ìròyìn tó ń ti ìjọba lẹ́yìn, fèrèsé wọn dojú kọ tiwa — fún un ní márùn-ún. Odindi ojú ìwé kan lórí àsíá. Alárìíwísí wọn ní akọni náà bẹ́ sínú odò. Odò wo? Ó ti jáde kó tó débẹ̀ ni. Ẹni tó fún un ní márùn-ún ò wò ó tán, ẹni tó fún un ní ọ̀kan ò wò ó rárá. Èmi tí mo wò ó, wọ́n fi orúkọ mi purọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo pe Ológbò lẹ́ẹ̀mẹfà. Kò gbé e.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ilé Màámi. Ológbò wọlé, ìwé ìròyìn náà wà nínú àpò ẹ̀yìn sòkòtò ẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin. Ó kí mi, kò wojú mi. Nígbà tó yá ló sọ ọ́, jẹ́jẹ́. "Ẹ̀ẹ̀meje ni mo fò ó, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹlẹ́ẹ̀keje ni wọ́n lò. Ṣé kọ̀ǹpútà wá ni mí?" Mo ní èmi kọ́ ni mo kọ gbólóhùn yẹn. Ó ní, "Orúkọ yín ló wà níbẹ̀."

Màámi ní òun ti wí i tipẹ́: ọ̀kan ń ṣubú, ọ̀kan ń kọ̀wé lórí ẹni tó ṣubú, kò sí èyí tó níṣẹ́ nínú àwa méjèèjì. A ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ẹ̀rín náà tán ló burú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo tọrọ àtúnṣe. Ìlà méjì péré, bó ti wù kó kéré tó. Bírò Pupa ní tí a bá ní a ṣìṣe níbì kan, Àwọn Ará Ọ̀hún á ní gbogbo ohun tí a kọ nípa ìjọba ni a ti ṣìṣe. Lẹ́yìn ìdìbò, òun lè rò ó wò. Ó wá bi mí báwo ló ṣe dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀ pé èèyàn ló fò.

Mo sọ fún un. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Mo ní àbúrò mi ni.

Kò bínú. Ó kàn sinmi lé àga. Ó ní, "Ìwọ lo wá kọ̀wé lórí fíìmù àbúrò ẹ, o ò sọ fẹ́nì kan. Ṣé ká tẹ ìyẹn náà jáde mọ́ àtúnṣe yẹn?" Ọwọ́ ara mi ni mo fi fún un ní okùn tó fi dè mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Alágbàfọ̀ mi ní òun ò lè fowó òun wo fíìmù kọ̀ǹpútà yẹn láéláé. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́!" Ó ń yẹ́ mi sí ni. Mo gba aṣọ mi. Níbùdókọ̀, obìnrin kan búra pé kò tíì sí irú fíìmù náà láyé, ẹni tí kò bá fẹ́ràn ẹ̀ ò fẹ́ràn ìlú. Òun náà ò tíì wò ó.

Ìrọ̀lẹ́: Ológbò pè mí fúnra ẹ̀, ohùn ẹ̀ ń ta pọ́ún-pọ́ún. Àwọn tó ń polówó fíìmù náà fẹ́ kó tún fò, lójú gbogbo èèyàn, lójú kámẹ́rà àti fóònù, kí òpùrọ́ lè tijú. Àwọn Ará Ọ̀hún ló máa gbé e jáde. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ó ti gbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo lọ bá a ní ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ń gbáradì. Ó ń to páálí sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé páálí lásán ló máa ń gbà á — páálí tó ṣófo, ìpele mẹ́ta, tìmùtìmù lórí ẹ̀. Páálí á fọ́ dípò egungun. Ọ̀wọ̀ tó ní fún páálí! Ó ń tẹ igun kọ̀ọ̀kan wò, èyí tó bá ti rọ̀, ó ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo rí ìpele kan ṣoṣo. Mo ní méjì tó kù ńkọ́? Ó ní àwọn onípolówó ní kí wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí inú ẹ̀, pé tí páálí bá pọ̀, á dà bíi bẹ́ẹ̀dì nínú fọ́tò, ìwé ìròyìn tiwa á tún ní orí bẹ́ẹ̀dì ló fò sí. Ìpele kan tó, ó ní. Kò wojú mi nígbà tó ń sọ ọ́, mo sì mọ̀ pé kò tó.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, èmi ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó gbé mi dìde. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yín pé èmi ni mo fò, mi ò ní fò mọ́. Ìlà kan. Tó bá jáde ṣáájú Ọjọ́bọ̀, mo ti jókòó sílé."

Ìlà kan.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ki ìlà náà sínú àríwísí fíìmù mìíràn, ìpínrọ̀ kẹfà, níbi tí ẹnì kan kì í kà dé. Mo ṣe é bí ẹni ń ṣàpèjúwe. Mo fi ránṣẹ́ nígbà tí Bírò Pupa wà nípàdé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Bírò Pupa kà á dé ìpínrọ̀ kẹfà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo kọ ọ́ sórí ojú ewé tèmi lórí fóònù, gbogbo ẹ̀, pé àbúrò mi ni, pé òun ló fò, pé èmi kọ́ ni mo kọ irọ́ yẹn. Kó tó di ọ̀sán, èébú ti kọjá kíkà. Èló ni ìjọba fún mi? Ṣé mínísítà ń sùn lọ́dọ̀ mi ni? Àwọn tí kò bú mi tún burú jù: àwọn onípolówó gba ọ̀rọ̀ mi, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé "Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti jẹ́wọ́! Ẹ wá fojú ara yín rí i lọ́la!"

Bírò Pupa ní kí n má wá síbi iṣẹ́ títí wọn yóò fi pè mí.

Mo pe Ológbò. Mo ní mo ti kọ ọ́. Ó ní òun rí i, ó dúpẹ́, ó dúpẹ́ gan-an. Àmọ́ ó ní, "Orí fóònù kọ́ lẹ ti ní mi ò sí. Inú ìwé ìròyìn ni." Mo ní kó gbọ́ tèmi. Ó ní òun ti sọ fún Màámi pé ìpàdé lòún ń lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Ẹ̀yìn ẹ̀ ló balẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo ra ìwé ìròyìn méjèèjì níwájú ọsibítù. Tiwa: "Fíìmù Ìjọba Ṣẹ́ Ọ̀dọ́ Lẹ́yìn." Ti Àwọn Ará Ọ̀hún: "Irọ́ Àwọn Ọ̀tá Ìlú Ṣẹ́ Ọ̀dọ́ Lẹ́yìn." Fọ́tò kan náà. Wọ́n ṣi orúkọ ẹ̀ kọ nínú méjèèjì. Kò sì sí èyí tí mo lè pè ní irọ́.

Bírò Pupa pè. Ohùn jẹ́jẹ́, ó bá mi kẹ́dùn, mo rò pé ó tiẹ̀ dùn ún lóòótọ́. Ó wá ní kí n kọ ẹgbẹ̀ta ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó ní kí n rí i pé mo sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀ pé àbúrò mi ni, torí ibẹ̀ ni agbára ẹ̀ wà. Mo pa fóònù. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi, tí kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ látàná.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Dókítà ní ká ṣì ní sùúrù nípa ẹsẹ̀. Ó wí i lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wo ilẹ̀.

Ológbò jí lọ́sàn-án. Ó ní kí n bá òun họ àtẹ́lẹsẹ̀. Mo họ ọ́. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀. Mo ní mo ti ń họ ọ́.

Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí ẹ wò nínú fíìmù. Kì í ṣe ti Ọjọ́bọ̀ o, ìyẹn ò dáa. Tàkọ́kọ́. Ìràwọ̀ mélòó?"

Mo ní márùn-ún.

"Ẹ ò bù mọ́ ọn?"

Mo ní mi ò bù mọ́ ọn.

Ó ní kí n kọ ọ́. Mi ò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́, ìwé yìí ni mo fà yọ nínú báàgì. Mo kọ ọ́ lójú ẹ̀, mo sì kà á sí i létí: Èèyàn ló fò láti orí afárá náà. Àbúrò mi ni. Ẹ̀ẹ̀meje ló fò ó. Ìràwọ̀ márùn-ún.

Ó rẹ́rìn-ín, ó di ojú. Mo rò pé ó ti sùn. Ó wá bi mí, ojú ẹ̀ ṣì wà ní dídì: ojú ìwé wo ló máa wà?