Ọtí Dúdú Tó Fọ́ Ojú Ayọ̀kànmí

Àgùdà,
Sùúrùlérè, Èkó.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta.

Ayọ̀kànmí, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ o. Mo kí Màmá ní Yábàá, mo kí wọn kú ìtọ́jú aláìsàn. Kí Ọlọ́run tó dá ojú ọ̀tún rẹ sí má jẹ̀ẹ́ kí nǹkan kan ṣe é. Máa ka lẹ́tà yìí díẹ̀díẹ̀ kó má bàa rẹ̀ ọ́. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tèmi, mo wà láàyè, ṣùgbọ́n àgbọ̀n mi gígùn tí o máa ń fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ ti ṣẹ́. Wáyà ni dókítà fi dì í, ògì ni mo ń fi sítírọ́ọ̀ fà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè ọ́. Bí mo tilẹ̀ lè sọ̀rọ̀, o ò ní jẹ́ kí n parí rẹ̀, mo mọ ọ́.

Kí n tó sọ bó ṣe jẹ́, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ń bẹ̀ ọ́, kíákíá ni mo sì fẹ́ kí o ṣe é. Pe àwọn ọmọọ̀ta tí o rán sí Múṣín, kí o sọ fún wọn pé kí wọ́n má padà síbẹ̀ lọ́la. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán ni àwọn máa dáná sun ìsọ̀ Taoheed onígò. Ayọ̀kànmí, Taoheed kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Èmi ni mo fọ́ ọ lójú.

Má tíì ju ìwé yìí sílẹ̀. Ṣé o rántí Sátidé tí a kọ́kọ́ gbé ọtí tí a fọwọ́ ara wa pọn lọ síwájú àwọn ẹgbẹ́ wa apọntí ní pálọ̀ Àǹtí Lydia? O mọ òfin ibẹ̀: ìwé ìròyìn ni Àǹtí fi ń wé ìgò kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ti ta ni, a ó wo àwọ̀ ọtí nínú kọ́ọ̀bù, a ó gbóòórùn rẹ̀, a ó wá bu díẹ̀ sẹ́nu, kó jókòó lórí ahọ́n kí a tó gbé e mì. Ọtí dúdú mẹ́rin la tọ́ wò lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan ń ta sánsán bí kọfí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Òmíràn dà bí ẹ̀pà tó jó díẹ̀ nínú yanrìn gbígbóná, mo fẹ́ràn ìyẹn débi pé mo jowú ẹni tó ṣe é. Ẹ̀kẹta korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Nígbà tó kan tiwa, mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ọkà bàbà tí a fọwọ́ ara wa yan nínú agbada ni, ó dùn bíi kòkó, èéfín díẹ̀ sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Orí mi wú.

Àǹtí Lydia gbé kọ́ọ̀bù sókè, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Ta ló ni eléyìí? Adùn ẹ̀ kòrẹ́ẹ̀tì o, ṣùgbọ́n ó ti kú. Kò hó rárá. Bí àgbo àná ló rí.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín, o tiẹ̀ ní òótọ́ ni Àǹtí sọ, pé a ó tún un ṣe. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Inú bí mi dé ìdí, mo rò ó lọ sílé, mo rò ó sùn, mo rò ó jí. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò kì í gba àbùkù.

Nígbà tí a wá ń rọ ọtí kejì sínú ìgò, ìwọ lo wọn ṣúgà, o sè é mọ́ omi, o dà á sínú dúrọ́ọ̀mù bí o ti máa ń ṣe, torí ṣúgà kékeré yẹn ló ń jẹ́ kí ọtí hó nínú ìgò. O ní kí n máa dé wọn. Màmá pè ọ́ lórí fóònù, o sì jáde. Páálí ṣúgà oníhóró tí mo fi ń mu tíì wà lórí tábìlì. Mo wò ó. Mo rántí àgbo àná. Mo ju hóró méjì méjì sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, mo sì dé wọn pa. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, kí ìfófòó rẹ̀ kan àjà, kí n rí ẹni tí yóò tún pè é ní òkú. Ìgò mẹ́rìnlélógún ni. Nígbà tí o padà wọlé, mo ń súfèé.

Èyí tó tẹ̀lé e ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ, ṣùgbọ́n o ò rí i tán. Pálọ̀ Àǹtí Lydia náà ni, ní aago mẹ́rin ọ̀sán, ooru mú, iná ti lọ láti àárọ̀, kéètì ọtí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú oòrùn. O gbé ìgò kan sókè síwájú ojú rẹ kí o lè fi àwọ̀ rẹ̀ han Àǹtí Lydia. Ó bú gbàù! Èéfọ́ ìgò gún ògiri, ó gún àga, ó wọ ojú òsì rẹ. A ò tíì ké tán tí àwọn tó wà nínú kéètì fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú tẹ̀lé ara wọn. Àǹtí Lydia dojú bolẹ̀, èéfọ́ kan sì ti wọ̀ wọ́n léjìká. Ẹ̀jẹ̀ àti ọtí dúdú dà pọ̀ nílẹ̀, ẹsẹ̀ mi ń yọ̀ nínú rẹ̀ bí mo ṣe ń wá ọ bọ̀. O ń pariwo, “Mórá, ojú mi! Mórá, ojú mi o!” Orúkọ mi lo ń pè, ìwọ tí o ò mọ ohun tí mo ṣe. Mo bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì mi, mo fi di ojú rẹ, mo gbé ọ dé ọsibítù.

Nígbà tí wọ́n yọ ojú náà tán, o bi mí pé kí ló fà á. Mo ní, “Bóyá àwọn ìgò yẹn ti sán tẹ́lẹ̀.” Gbólóhùn kan péré. O ní ta ló ta ìgò fún wa, mo dárúkọ ọkùnrin ọlọ́mọ mẹ́ta fún ọ, mo sì lọ sílé lọ sùn.

Lọ́jọ́ Ajé, o pè mí pé àwọn ọmọọ̀ta rẹ ti bá ọ kí Taoheed. O ń ròyìn, o ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi irin ṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ níbi méjì. Wọ́n fọ́ ìgò rẹ̀ jọ síwájú ìsọ̀, wọ́n ní kó kúnlẹ̀ lórí èéfọ́ rẹ̀, níṣojú ìyá rẹ̀. Mo bá ọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè darí ji ara mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tó ogún ọjọ́ tó fi pa èèyàn lára.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gba Múṣín lọ. Alhaja Ìdíátù, ìyá Taoheed, rò pé mo wá kí wọn ni. Wọ́n fún mi ní àga àti omi tútù. Mi ò mu omi náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ṣúgà. Abdulfatai, ẹ̀gbọ́n Taoheed tó ń jó irin, dìde sí mi. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣẹ́ mi lágbọ̀n, mo gbọ́ ìró rẹ̀ nínú etí ara mi. Ó fi ẹsẹ̀ gbá mi níhà, ó gbé mi, ó sọ mí mọ́ géètì, ó tún gbé mi. Mi ò gbé ọwọ́ sókè. Alhaja ló kígbe, “Abdulfatai, ó tó! Ẹni tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá jẹ́wọ́, ṣé o fẹ́ pa á ni?” Ó fi mí sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

Taoheed fúnra wọn jókòó síbẹ̀, ọwọ́ wọn ń bẹ nínú sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi dì í ní ọsibítù. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí. “Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, ṣé ó tiẹ̀ mọ̀ mí rí?” Ẹnu mi ò ṣeé ṣí mọ́, mo mi orí pé rárá.

Ayọ̀kànmí, ojú kan ló kù fún ọ, èmi ni mo gba èkejì, mi ò mọ bí mo ṣe máa san án. Bí o bá fẹ́ rán àwọn ọmọ yẹn, rán wọn sí Àgùdà. Mi ò ní tilẹ̀kùn. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, mo sì ti bà ọ́ jẹ́, kò sí bí mo ṣe máa pọ́n ọn lé.

Kí Ọlọ́run wo ọgbẹ́ rẹ sàn. Kó má jẹ̀ẹ́ kí Màmá sunkún mọ́ lórí rẹ. Kó fún ọ ní ẹ̀mí gígùn láti bá mi bínú tẹ́ ọ lọ́rùn.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ṣe ọ́ níbi,

Morákinyọ̀.

Àfikún: Ẹni tó fi ọwọ́ òsì na lẹ́tà yìí sí ọ, tó dúró síwájú rẹ bí o ṣe ń kà á yìí, Taoheed onígò fúnra wọn ni. Mo ní kí n fi rán ẹlòmíràn, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí o rí àwọn lójúkorojú. Fún wọn ní àga, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn ò ní jókòó títí o ó fi pe àwọn ọmọ yẹn níṣojú àwọn.