Ọjọ́ Tí O Kọ Sí Ẹ̀gbẹ́ Orúkọ Mi

Àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé yàrá tí o gbà kò jò mọ́? Ẹni tí kò fẹ́ kí n jẹ èrè ọmọ, kò ní rí i gbé ṣe o. Ara tiwa náà le, àfi ẹ̀rù tó ń bà mí, òun ni mo fi ń kọ̀wé.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ ti dé. O ní o ti kó orúkọ gbogbo ẹbí sínú rẹ̀, àti pé ètò kékeré kan wà tí ìwọ fúnra rẹ kọ, tí o so mọ́ ìwé orúkọ inú fóònù, òun ló ń fi ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Mo gbé e lọ bá télọ̀ ìtòsí wa kó bá mi kà á, torí ojú mi ò gbé lẹ́tà wíwẹ́. Orúkọ bàbá rẹ ló kọ́kọ́ kà. Ọjọ́ tí bàbá rẹ kú gan-an ló wà níbẹ̀, kò yẹ̀. Ó wá ka tèmi: ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀, ó ku ọjọ́ mọ́kànlélógún. Àyà mi já. Télọ̀ ní bóyá ọjọ́ ìbí mi ni. Mo ní ta ló mọ ọjọ́ ìbí mi, nígbà tí ìyá tó bí mi kò mọ̀ ju pé òjò ń rọ̀ lọ? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó di ogún. Lónìí, ó ku mẹ́rìndínlógún. Mo pa fóònù náà, mo fi aṣọ wé e, mo tì í bọ inú àpótí, síbẹ̀ nígbà tí mo tàn án, òǹkà ọjọ́ náà kò dúró dè mí. Mo ti lọ bẹ ìyàwó káfíńtà tí a jọ ń bínú láti ọdún tó kọjá, ó sì ń wò mí tìfuratìfura. Mo ti fi ibi tí aṣọ mi tó dára wà han àbúrò rẹ.

Jọ̀ọ́, ìwọ lo kọ ètò yẹn, sọ fún un kó sún ọjọ́ náà síwájú. Kò di dandan kó pọ̀, kí n ṣáà gbé ọmọ rẹ pọ̀n ná. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú, atẹ́gùn ti ṣí òrùlé ilé ìdáná, mi ò fẹ́ kí àwọn tó bá wá bá yín kẹ́dùn bá ilé báyẹn.

Télọ̀ ní orúkọ tìrẹ náà wà níbẹ̀, ọjọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fọwọ́ bò ó, mi ò jẹ́ kó kà á. Ìwọ fúnra rẹ wò ó. Bí tìrẹ bá yá ju tèmi lọ, fi tèmi sí orúkọ rẹ, kí o fi tìrẹ sí tèmi.

O ò ní ṣáájú mi, ọmọ mi. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ