Òkè Tèmi, Ìsàlẹ̀ Tirẹ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà

Òjò ṣú láàárọ̀. Kó tó rọ̀ ni Ìyáálé ti sọ fún mi. Orúnkún mi òsì ni Ìyáálé, torí òun ló kọ́kọ́ dé — ọdún tí mo fẹsẹ̀ kọ igi níbi eré sísá, tí mo ṣubú lójú gbogbo ilé ìwé. Ti ọ̀tún ni Ìyàwó. Kò sí ohun tó ṣe Ìyàwó rí o. Owú ni. Ó rí i pé Ìyáálé ni mò ń fi òróró pa lójoojúmọ́, lòun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Gólì, ọkọ mi, ní tirẹ̀. Èjìká ọ̀tún, Lánlọ́ọ̀dù ló ń pè é, torí ìdájí ló máa ń wá kanlẹ̀kùn. Gbogbo ìgbà èwe ọkùnrin yìí ló fi ṣọ́ gólì, èjìká yẹn ló sì máa ń fi balẹ̀. Ní báyìí ọwọ́ náà kò lè kọjá àgbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Á lóṣòó bí ọmọge tó ń fọ abọ́, á sì dìde. Èmi, ọwọ́ mi dá ṣáṣá, ẹsẹ̀ ló kọ̀.

A bá pín ilé. Ohun tó bá ga ju àyà lọ, tèmi. Ohun tó bá rẹlẹ̀ ju orúnkún lọ, tirẹ̀. Mò ń bá a wọ ẹ̀wù, ó ń bá mi so okùn bàtà. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àgbàlagbà méjì la jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí lọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà eré ìdárayá la ti ń bá a bọ̀.

(Níwájú àlejò, “wọ́n” ni mò ń pe ọkọ mi. Nínú ìwé yìí, “ó” ni. Kò sẹ́ni tó máa kà á.)

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Alákòóso wá. Ọmọ wa kan ṣoṣo nìyẹn, tó ti ń ṣètò ayé oníkálukú láti ìgbà tó ti lè sọ̀rọ̀. Kí n sọ òótọ́: kò wá, ẹnu géètì ló dé. Ó fọn fèrè mọ́tò, ó kó àpò lé télọ̀ tó háyà ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ pé kó bá òun gbé e gòkè, ó ní òun ń kánjú, oníbàárà ń dúró de òun ní ṣọ́ọ̀bù. Onídìrí ni. Mo dúró ní fàráńdà, mò ń juwọ́ bí ẹni ń dágbére fún ọkọ̀ ojú omi.

Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́. Tẹ́lẹ̀, á gòkè, á jókòó, á ṣí ìsàsùn wò. Ó dùn mí. Mi ò sọ fún Gólì.

Télọ̀ ní òun máa kó jáde níparí oṣù. Ó ti rí ibi tó dára lẹ́bàá títì. Ilé tiwa ni, a ó ní láti wá ayálégbé mìíràn sísàlẹ̀. Ó máa ń kọrin tó bá ń ránṣọ. Àárò rẹ̀ á sọ wá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Òjò. Ìyáálé àti Ìyàwó ń jà. Èmi ni wọ́n ń fà ya.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Mò ń mú ife tíì lórí pẹpẹ — òkè, tèmi — ni ọ̀kan bá yọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹlòmíì á sún sẹ́yìn. Gólì wà nídìí tábìlì, ìwé ìròyìn ló ń kà. Ẹni tó ti ṣọ́ gólì rí kì í béèrè bóyá ohun tó ń bọ̀ tó ohun à ń mú. Mo kàn rí i tó fò kọjá fíríìjì, ọwọ́ òsì níwájú. Ó mú un. Ife kò fara kan ilẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù ló kanlẹ̀.

Ó na ife sókè láti ibi tó sùn sí. Ó ní, “Tíṣà, kò wọlé.”

Ó wá fẹ́ dìde, kò lè ṣe é. Èjìká kò gbà kó fọwọ́ ti ilẹ̀. Èmi kò lè bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, òun náà ló sì wà ní ìsàlẹ̀. Àdéhùn wa kò ní ibi tí a kọ irú èyí sí. Mo di ẹsẹ̀ tábìlì mú, mo rọra ń sọ̀ kalẹ̀, mo ní tí mo bá dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa lè tì í. Ìgbà tí ìdí mi kanlẹ̀ tán ni mo rántí pé sísọ̀ kalẹ̀ kọ́ ni ìṣòro mi láti ọjọ́ yìí, dídìde ni.

La bá di méjì nílẹ̀. Fóònù wà ní yàrá. Télọ̀ ti lọ ra òwú. A fẹ̀yìn ti fíríìjì. Oòrùn rìn láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí sítóòfù. Gólì ń sọ ìtàn ìdíje kan tí mo ti gbọ́ títí tó ti sú mi, mo sì tún rẹ́rìn-ín níbi tí mo máa ń rẹ́rìn-ín. Èjìká ń ro ó. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ife ṣì wà lọ́wọ́ kejì.

Fèrè mọ́tò dún nísàlẹ̀. Ó tún dún. Ìgbà tí a kò yọjú, mo gbọ́ ẹsẹ̀ Alákòóso lórí àtẹ̀gùn — ẹsẹ̀ kan, ìdúró, ẹsẹ̀ kan, ìdúró. Mo ní inú ń bí ọmọ yìí pé a jẹ́ kó gòkè. Ó wọlé, òógùn bò ó. Ó wò wá. Àga ló kọ́kọ́ jókòó sí, ó mí kanlẹ̀, kó tó wá gbé wa. Lẹ́yìn náà ló sunkún.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Alákòóso sọ̀rọ̀ lónìí lórí fóònù. Ó ní kí Bàbá àti Màámi kó wá sílé òun, yàrá wà níbẹ̀, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, kí a fi ilé yìí háyà. Mo ní ojoojúmọ́ kọ́ ni ife ń já bọ́. Ó ní ojoojúmọ́ lẹ ń dàgbà, Màámi.

Kò mọ ohun tó ń béèrè. Fàráńdà wa ló kọjú sí pápá ilé ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, a máa ń jókòó síbẹ̀, àwọn ọmọ á máa gbá bọ́ọ̀lù, Gólì á máa bá gbogbo àwọn aṣọ́lé wí láti òkè, wọn kò sì gbọ́ ọ rí. Èmi ń wo bí wọ́n ṣe ń sáré. Mo mọ èyí tó ń fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀. Tí wọ́n bá gba ibẹ̀ lọ́wọ́ mi, àgbà lásán ni mo kù.

Mo bá tọrọ ààyè. Tí a bá kọ́ bí a ṣe ń dìde nílẹ̀ ńkọ́? Ó ní, “Tí ẹ bá lè dìde lójú mi, tí ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn yín, mi ò ní sọ ọ́ mọ́.” Àbámẹ́ta méjì sí i la fi sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Ilé ìwòsàn. Eegun kankan ò kán. Wọ́n ní ká lọ rí físíò tó ń kọ́ni bí a ṣe ń lo ara, ọmọbìnrin kékeré kan tó ń pàṣẹ bí ológun. Mo ti sọ ọ́ ní Kọ́ọ̀ṣì. Ó wo ìrìn mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sọ ìdí.

Bó ṣe kọ́ wa: yí sí ẹ̀gbẹ́. Fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara. Rá dé ìdí àga. Ti ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún. Ẹsẹ̀ tó le síwájú. Dìde. Ó pe Gólì ní Dádì, ó sì fi í gbálẹ̀. Gólì ní gbogbo ọmọ tí mo ti ń pariwo “ẹ dìde” mọ́ láti ọdún yìí wá, ẹ̀san wọn ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo dé orí orúnkún. Ibẹ̀ ni mo kù sí. Gólì fa àga súnmọ́ mi kí n lè gbé orí lé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Gólì ti ń dìde. Ó ń fi ń yangàn. Mo bínú sí i, mo ní kó jáde ní yàrá. Ó jáde, ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ èémí rẹ̀. Nígbà tó yá ó wọlé, ó lóṣòó, ó fi òróró pa Ìyáálé, ó sì pa Ìyàwó náà kó má bàa sí ìjà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Mo kọ ọ́ síbí torí tí mo bá sọ ọ́ fún un, orí rẹ̀ á wú, a kò sì ní fìlà tó gbà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo dìde. Èmi nìkan. Gólì ní ìdúró mi wọ́. Ìdúró ni, ó tó.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Télọ̀ ti kó ẹrù lọ. Mo yọjú sí yàrá ìsàlẹ̀. Ògiri ọgbà ni fèrèsé kọjú sí. Òkùnkùn. Tí wọ́n bá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò gbébẹ̀.

Ọ̀la ni. Àyà mi ń já bí ìgbà tí mò ń dúró de fèrè eré sísá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ó pẹ́ kí Alákòóso tó gòkè tán. A ti wọ aṣọ eré ìdárayá dè é. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú wa, ó ní kí òun lè rí i dáadáa bóyá a ó fọgbọ́n ṣe é. Gólì dìde. Èmi náà dìde. Ìyáálé ké, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Gólì pàtẹ́wọ́ bó ṣe mọ, lábẹ́ àgbọ̀n.

Alákòóso pàtẹ́wọ́ náà. Ó sì jókòó síbẹ̀. Ó ní kí òun sinmi díẹ̀. A dúró. Ó wá yí sí ẹ̀gbẹ́. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara. Ó rá dé ìdí àga, ó fa ìrọ̀rí mi sábẹ́ orúnkún òsì, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Orúnkún rẹ̀ ró kẹ́. Mo mọ ìró yẹn. Inú ara mi ló ń gbé.

Mo bi í léèrè ta ló kọ́ ọ. Ó ní Kọ́ọ̀ṣì ni. Ó ti ń lọ síbẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ìdúró ṣọ́ọ̀bù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí lòun fẹ́ wí, pé òun ń bá ìyá òun du àìsàn? Àtẹ̀gùn wa ti kọjá agbára òun, òun kò lè sọ ọ́ lójú wa, àwa tí a ń gun ún pẹ̀lú ọjọ́ orí. Ìdí tóun fi ń fọn fèrè nìyẹn. Ìdí tóun fi ní ká wá nìyẹn. “Màámi, mo kàn fẹ́ máa rí yín ni.”

Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran. Mo fi òróró pa orúnkún náà fún un. Gólì ti sọ ọ́ lórúkọ kí tíì tó tutù: Àrólé.

Ó ní a ti borí, òun kò ní sọ̀rọ̀ kíkó mọ́. Ó fi ìdí sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Mo wò ó láti òkè títí dé ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

A jókòó sí fàráńdà. Kò sí ẹni tó bá aṣọ́lé wí. Gólì ní yàrá ìsàlẹ̀ ti ṣófo. Mo ní mo mọ̀. Ó wo pápá títí.

“Ìsàlẹ̀ tèmi ni, Tíṣà, àdéhùn ni. Mo fún ẹ ní ìdajì.”

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje

A ti kó sísàlẹ̀. Ògiri ni mò ń wò. A kò rí pápá, a ń gbọ́ ọ. Gólì ní ìró bọ́ọ̀lù nìkan tó fún òun láti mọ̀ pé aṣọ́lé yẹn dúró síbi tí kò yẹ. Mo sunkún díẹ̀ nígbà tó wọ ilé ìwẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, fèrè mọ́tò kò dún. Ilẹ̀kùn kàn ṣí. Alákòóso wọlé, bàtà lọ́wọ́, ó ṣí ìsàsùn wò, ó ní iyọ̀ ọbẹ̀ kò tó. Ó nà sórí àga mi, ó gbé Àrólé lé ìrọ̀rí, oorun sì gbé e lọ. Gólì lóṣòó, ó yọ ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo mú aṣọ ìbora lórí pẹpẹ, mo fi bò ó.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Kò tíì jí.