Màmá Dómínínà àti Ihò Ara Owó Wúrà Wọn

Òpópónà àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ní Áńtíókù ni a bí Màmá Dómínínà sí, ní ọdún tí ilẹ̀ mì tí ilé ìwẹ̀ ńlá fi wó. Olóògbé Málíkù, tí ń lu owó wúrà fún Késárì, ni bàbá wọn. Ilé àwọn olùsin Oòrùn ni Mátánà, ìyá wọn, ti wá. Màmá kò lọ sílé ìwé. Ara owó tí bàbá wọn ń lù ni wọ́n ti kọ́ lẹ́tà.

Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, wọ́n fẹ́ Zébínà oníbúrẹ́dì, ọmọ ìjọ Kírísítì. Málíkù fún wọn ní owó wúrà kan: orí Késárì wà lójú kan, Oòrùn, tí wọ́n yà bí ènìyàn tó na ọwọ́ sókè, wà lójú kejì. Màmá lu ihò sí i, wọ́n fi í sọ́rùn lábẹ́ aṣọ. Ọjọ́ náà ni ìfura wọlé.

Ẹni tó bá mọ owó Késárì mọ̀ pé bí orí ọba bá dúró ṣánṣán, tí a bá yí owó náà padà, Oòrùn á fi orí sọlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ihò wà lókè orí rẹ̀ ni yóò dúró lọ́rùn Màmá, yóò sì tú àṣírí bóyá Oòrùn ni wọ́n ń sìn. Ìyá ọkọ wọn ní Oòrùn ló dúró ṣánṣán láyà ìyàwó. Mátánà ní ọmọ òun ti dorí Oòrùn kodò nítorí búrẹ́dì. Nílé ìwẹ̀ pàápàá, àtẹ́lẹwọ́ ni Màmá fi ń bo owó náà. Ìlà oòrùn ni wọ́n ń kọjú sí gbàdúrà láràárọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni àwọn onígbàgbọ́ ń kọjú sí. Kò sẹ́ni tó rí ẹ̀rí dì mú. Títí di ọjọ́ ogbó ni Màmá ń bọ́ àwọn opó ìjọ. Àwọn opó náà ń jẹ búrẹ́dì wọn, wọ́n sì ń yọjú wo ọrùn wọn.

Kírílà, àkọ́bí wọn, béèrè nígbà èwe pé ta ló dúró nínú àwọn méjèèjì tó wà lára owó náà. Màmá ní, "Àwọn méjèèjì ti sùn. Ìwọ náà lọ sùn." Kírílà rò pé wọ́n kàn fẹ́ lé òun wọlé ni, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

Nígbà tí Màmá dákẹ́ lánàá, Alàgbà Ródónì, tó ń bójú tó ibi ìsìnkú ìjọ, ní olùsin Oòrùn kò ní í sùn sáàárín àwọn onígbàgbọ́, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ tó ti wà níbẹ̀. Kírílà ṣí aṣọ ọrùn ìyá rẹ̀, ó sì kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ wò ó fúnra yín, Bàbá. Èmi ò lè wò ó. Ta ló dúró?"

Alàgbà yí owó náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ rẹ́ jẹ.

"Kò sẹ́ni tó dúró. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n lu ihò sí. Ọba dùbúlẹ̀, ìkejì rẹ̀ náà dùbúlẹ̀." Ó tún un wò. "Ìyá yín gbọ́n jù mí lọ. Ẹ máa gbé wọn bọ̀, kí n tó rí nǹkan mìíràn."

Màmá fi Kírílà, Séfírà àti Mákédò sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ihò náà. Owó wúrà náà ṣì wà lọ́rùn wọn, ẹ̀gbẹ́ Zébínà ni a ó sì tẹ́ wọn sí.

Àwọn méjèèjì ti sùn, Màmá. Ẹ̀yin náà, ẹ sùn re o.