Àtẹ̀gùn Ilé Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀

Ilé Pápá Amos,
Logbaba, Douala,
Cameroon.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, 2024.

Ìwàlọlá, ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Goodness ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tiwa le, àfi ooru tí kò jẹ́ ká sùn. Má bínú pé mi ò tètè kọ̀wé. Bàbá ọkọ mi ló fẹ́ dà mí lórí rú.

Pápá Amos yìí àti Alájì Ṣẹ̀rífù ló dá Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì lókun, tí wọ́n sì kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì fún un. Ilé náà rẹwà: òpó ribiti níwájú, fèrèsé onígíláàsì, gbọ̀ngàn ńlá lókè. Àtẹ̀gùn nìkan ni kò ní. Pápá ní ọwọ́ ọ̀tún ni kó wà, Alájì ní ọwọ́ òsì ni. Kò sẹ́ni tó gbà fẹ́nì kejì, ni wọ́n bá bára wọn yodì. Látìgbà náà, àkàbà làwọn ọ̀dọ́ fi ń gòkè lọ sípàdé. Àwọn àgbà á jókòó sísàlẹ̀, wọ́n á máa pariwo ìmọ̀ràn wọn sókè.

Lóṣù tó kọjá, Pápá ní òun ò ní kú láì dé gbọ̀ngàn tóun kọ́. Wọ́n dè é mọ́ àga, wọ́n fi okùn fà á gòkè bí ẹni fa omi nínú kànga. Bó ṣe débẹ̀, ó ní òun ò sọ̀kalẹ̀ mọ́, àfi tí wọ́n bá ṣe àtẹ̀gùn sọ́wọ́ ọ̀tún. Alájì gbọ́, ó ní kí wọ́n fa òun náà gòkè, kí wọ́n má baà rẹ́ òun jẹ. Ọ̀rẹ́ mi, ojoojúmọ́ ni mò ń so abọ́ oúnjẹ mọ́ okùn! Ibẹ̀ ni ikọ́ ti mú Pápá, ẹ̀rù sì bà wá. Dókítà tá a pè wo àkàbà, ó padà sílé.

Ni ẹgbẹ́ bá pe ẹnjiníà kan láti Bonapriso, Manuella lorúkọ rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó gun àkàbà, mo tẹ̀ lé e. Ó ní, "Papa, na which side?"

"Ọwọ́ ọ̀tún!" ni Pápá wí.

"Ọwọ́ òsì!" ni Alájì wí.

Àwọn méjèèjì nawọ́ gba ojú fèrèsé. Igi píà kan náà ni wọ́n nawọ́ sí.

Àṣé lọ́jọ́ tí wọ́n jà, ojú títì ni Pápá dúró sí, ó kọjú sílé; ẹnu ọ̀nà ni Alájì dúró sí, ó kọjú sí títì. Wọ́n ní ohun tágbà bá rí ní ìjókòó, ọmọdé ò ní rí i lórí ìdúró. Tiwọn yàtọ̀.

Alájì bú sẹ́rìn-ín. Pápá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣẹ̀rífù, mi ò wá síbi ìsìnkú ìyàwó rẹ."

Alájì ní, "Mo wá ojú rẹ títí láàárín èrò."

Wọ́n ti ṣe àtẹ̀gùn náà báyìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, àwọn méjèèjì di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé agbedeméjì, wọ́n jókòó. Wọ́n ní kí n gbé oúnjẹ wá síbẹ̀. Ilẹ̀ ṣú bá wọn níbi tí wọ́n ti ń tàkúrọ̀sọ, àwọn tó fẹ́ gòkè sì dúró nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n yàgò.

Bá mi kí màmá àti gbogbo ará ilé. Adéoyè, ọkọ mi, ní kí n kí ọ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í gbàgbé rẹ,
Mọpẹ́olúwa