Lẹ́ńsì Tí O Fi Aṣọ Mímọ́ Dì Padà

                                        Ilé Akọ̀wé,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Ìrókò.
                                        16 Oṣù Kọkànlá, 1993.

Hezekiah, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kọ "ọ̀wọ́n" yẹn tán kí n tó rántí pé inú ń bí mi sí ọ. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá ti ń fúyẹ́? Ṣé iṣẹ́ ń lọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Olódò? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ilé kàn ṣófo láti ìgbà tí Màmá ti lọ ni.

Ìwọ náà rántí bí Màmá ṣe rí sí ọ̀rọ̀ fọ́tò. Ní gbogbo ìgbà tí à ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò, tí wọ́n ń bu oúnjẹ fún àwa méjèèjì sínú àwo kan, wọn kò gbà kí a ya àwọn. Wọ́n ní ọjọ́ tí ìjọ Kérúbù bá fi òróró yan àwọn ní Ìyá Àdúrà ni àwọn yóò yà á, nínú sùtánà funfun. Nítorí ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ta kámẹ́rà mi àtijọ́, tí mo ra ti ìgbàlódé yìí, èyí tí lẹ́ńsì rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀ títí ojú ẹni tó jókòó yóò fi hàn kedere.

O yá lẹ́ńsì náà lọ́wọ́ mi ṣáájú Ọdún Àjíǹde, láti fi ya ìgbéyàwó Mojí, ọmọ tíṣà. O fi aṣọ mímọ́ dì í padà fún mi, o tún gbé búrẹ́dì lé e. Mo ní ọ̀rẹ́ gidi ni mo ní.

Ọjọ́ ìfòróróyàn pé. Mo gbé Màmá jókòó síwájú ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹfun kùn. Nígbà tí mo fọ fíìmù náà, etí wọn hàn débi pé mo rí ihò yẹtí, àmọ́ ojú wọn ṣe bàìbàì. Gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Mo sáré gbé e tọ̀ ọ́ wá. O gbé lẹ́ńsì náà síbi fèrèsé, o yí i lọ, o yí i bọ̀, o ní kò sí ohun tó ṣe é, pé aṣọ funfun lára ògiri funfun ló ń dà á láàmú. O ní kí n sọ fún Màmá kí wọ́n bọ́ sùtánà, kí wọ́n wọ ìró àti bùbá aláró.

Mo lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. O mọ̀ pé wọn kì í bínú sí mi. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Sanmí, ṣé aṣọ Olúwa ni kámẹ́rà rẹ kò fẹ́ rí? Ọjọ́ tó bá tó rí i, kí o wá pè mí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó ṣe lẹ́ńsì. Mo nu àwọn idẹ wẹ́wẹ́ ibi tó ti ń wọ ara kámẹ́rà. Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo to agolo mílíìkì sórí bẹ́ǹṣì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, mo kọjú lẹ́ńsì sí ti àárín, mo yà á. Ti ẹ̀yìn ló hàn! Agolo kò wọ sùtánà, àbí? Mo fẹ́ máa fi ọwọ́ yí i, òrùka rẹ̀ le gbagidi. Síbẹ̀ mo ní ìwọ náà kò kàn mọ̀ ni. Kí n tó rí lẹ́ńsì mìíràn yá, ibà dá Màmá wólẹ̀, wọn kò sì dìde mọ́.

O wá síbi ìsìnkú. O sunkún ju èmi ọmọ lọ. Èmi ni mò ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni Mojí wá ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ó rí kámẹ́rà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bùọ̀dá Sanmí, ṣé lẹ́ńsì tó já bọ́ lọ́wọ́ Bùọ̀dá Hezekiah lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyí? Ẹ mà tún un ṣe dáadáa o." Mo fi èékánná họ etí lẹ́ńsì náà. Íńkì dúdú ṣí kúrò, ibi tó ti tẹ̀ wọnú sì yọjú.

Kó já bọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni lè yọ̀. Ǹ bá bínú, ǹ bá sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n o jókòó, o wá íńkì, o fi kùn ún. O wò mí lójú, o rán mi lọ bọ́ aṣọ àdúrà lọ́rùn ìyá tó bọ́ ọ. Ọ̀dàlẹ̀ ni ọ́, Hezekiah, ó sì dùn mí dé egungun pé ìwọ ni mo ń pè bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí Bàbá àti ìyàwó rẹ. Wọn kò ṣẹ̀ mí. Má gbé búrẹ́dì wá bẹ̀ mí. Mo fi ọ̀kan nínú fọ́tò Màmá sínú àpòòwé yìí, èyí tó dára jù nínú wọn. Gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ. Bí oníbàárà bá bi ọ́ léèrè ẹni tó jókòó níbẹ̀, ìwọ ni kí o dárúkọ wọn fún un, nítorí kò sí ẹni tó lè fi ojú dá wọn mọ̀.

Èmi ni ẹni tí ẹ jọ jẹun nínú àwo kan,
Sanmí.